Ọmọ ẹ̀yìn Jésù ni mí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ Ajé ńkọ́?

Arábìnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, sà. Láti kékeré ni mo ti wà nínú ìjọ. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, mò ń san ìdámẹ́wàá, n kì í sì í pa ìpàdé àdúrà jẹ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ọjọ́ Ajé bá ti mọ́ báyìí, àfi bíi pé ẹlòmíràn ni mí. Ọ̀gá mi lọ́fíìsì máa ń ní kí n kọ ọjọ́ tó ti kọjá sórí ìwé, kí ó lè dà bíi pé a ṣe iṣẹ́ náà lásìkò, mo sì ń kọ ọ́. Bí mo bá délé, á ti rẹ̀ mí, igbe ni mo fi ń bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀. Ṣé ọmọ ẹ̀yìn Jésù ni wọ́n ń pe èyí? Mò ń rò ó pé kí n fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kí n kúkú gbájú mọ́ iṣẹ́ ìránṣẹ́, bóyá ibẹ̀ ni n ó ti lè sin Ọlọ́run bó ṣe yẹ."

Arábìnrin mi, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn onígbàgbọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ẹ̀yìn, àti ẹni tuntun àti àgbà ìjọ, ìbéèrè yìí sì wà lára àwọn tí èèyàn kì í béèrè lójú ọ̀pọ̀ èrò. Wọ́n á dúró títí àwọn yòókù á fi lọ tán, wọ́n á wá rọra sún mọ́ ni. Bí mo ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ yín sí, ohun tó ń dà yín láàmú ni pé ìgbé ayé méjì lẹ ń gbé, ẹ sì ń bẹ̀rù pé ti ọ́fíìsì àti ti ilé gan-an ni ẹni tí ẹ jẹ́, pé ti ìjọ kàn jẹ́ ojú ayé ni. Mi ò ní sáré pa ìrora yẹn rẹ́ fún yín, nítorí ó ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tí kò ka Jésù sí kì í ronú lóru nítorí ọjọ́ tó kọ sórí ìwé. Àmọ́ ìtìjú nìkan kì í ṣe ìrònúpìwàdà. Mo mọ àwọn tó ti ń sunkún lórí ẹ̀ṣẹ̀ kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹkún ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti di ohun tó ń tù wọ́n nínú: bí wọ́n bá ti sunkún tán, ara á fúyẹ́, wọ́n á sì padà sídìí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ kà nígbà tí ẹ fẹ́ fi hàn mí pé ẹ ń gbìyànjú: akọrin, ìdámẹ́wàá, ìpàdé àdúrà. Mi ò bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀kankan nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ohun tí ìjọ lè fojú rí ni gbogbo wọn. Ìjọ lè mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá, ó lè mọ ẹni tó dáwó, ó lè mọ ẹni tó kọrin. Kò sí ìjọ tó ń mú ìwé lọ́wọ́ wọ inú ọ́fíìsì yín láti wo ohun tí ẹ kọ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, a máa ń gbà láìmọ̀ pé ohun tí wọ́n ń kà ni ohun tó ṣe pàtàkì. Ẹ wá ṣí Mátíù orí 5 dé 7, níbi tí Jésù ti jókòó lórí òkè tó ń kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Kí ló sọ̀rọ̀ lé lórí? Ìbínú sí arákùnrin ẹni. Ojú tó ń ṣe ojúkòkòrò sí ẹni tí kì í ṣe tẹni. Kí bẹ́ẹ̀ni jẹ́ bẹ́ẹ̀ni, kí bẹ́ẹ̀kọ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀kọ́. Ẹni tó fipá mú ọ rin ibùsọ̀ kan. Ọ̀tá. Owó. Àníyàn lórí oúnjẹ àti aṣọ. Ẹni tó ń wo ẹ̀rún igi lójú ẹlòmíràn. Ó mẹ́nu ba àdúrà, ààwẹ̀ àti ọrẹ àánú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ tó fi lé wọn lórí ni pé kí a má ṣe é nítorí kí èèyàn lè rí wa. Nígbà tó fẹ́ parí ọ̀rọ̀, ó ní ẹni tó gbọ́ tó sì ṣe é ni ó kọ́ ilé sórí àpáta. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé ni gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Máàkù 3:14 sọ ìdí tí Jésù fi yan àwọn méjìlá: kí wọ́n lè wà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì lè máa rán wọn jáde láti wàásù. Wíwà pẹ̀lú rẹ̀ ló ṣáájú. Inú ọkọ̀ ojú omi, ojú ọ̀nà, ìdí oúnjẹ, ibi tí wọ́n ti ń jà lórí ta ni yóò ṣe olórí, ibẹ̀ ni wọ́n ti kẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ jù lọ. Ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ lè fi gbogbo ọ̀sẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ nípa aṣọ rírán, kó mọ orúkọ gbogbo irin iṣẹ́, kó tilẹ̀ lè kọ́ ẹlòmíràn. Bí kò bá jókòó ti ọ̀gá, kó gé e, kó bà á jẹ́, kí ọ̀gá ní kó tú u, kó tún un rán, kò lè di aránṣọ láéláé. Mo gbà pé ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti wọ́ nìyẹn. Wọ́n ti kọ́ yín ní ohun púpọ̀ nípa òtítọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó jókòó tì yín rí kó bi yín pé: bí ọ̀gá bá ní kí ẹ kọ irọ́, gbólóhùn wo ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín? Ẹni tí kò ní gbólóhùn kankan nílẹ̀, ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni yóò ṣe, pàápàá bí ojú bá ń kán an.

Nípa pé kí ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ lọ sínú iṣẹ́ ìránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Agbowó-òde méjì wà nínú Ìwé Lúùkù. Léfì fi ohun gbogbo sílẹ̀ ní orí 5, ó sì tẹ̀lé Jésù. Sákéù, ní orí 19, jẹ́ olórí agbowó-òde. Ó fi ìdajì ohun ìní rẹ̀ fún àwọn òtòṣì, ó sì ṣe ìlérí pé òun yóò san ìlọ́po mẹ́rin fún ẹnikẹ́ni tí òun bá ti rẹ́ jẹ. A kò kà á níbì kankan pé Jésù ní kó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Jésù wọ ilé àwọn méjèèjì. Nígbà tí àwọn agbowó-òde bi Jòhánù Onítẹ̀bọmi pé kí ni kí àwọn ṣe, ó ní kí wọ́n má gbà ju iye tí a pa láṣẹ fún wọn. Ó ní kí àwọn ọmọ ogun má fipá gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí owó iṣẹ́ wọn sì tó wọn. Ọkùnrin tí Jésù lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde lára rẹ̀ ní ilẹ̀ àwọn ará Gádárà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun máa bá a lọ. Jésù kò gbà fún un. Ó ní kó lọ sílé, sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀. Ọbadáyà ń ṣe olórí ilé Áhábù, ọba tó burú, ibẹ̀ ló sì wà tó fi pa 100 wòlíì mọ́ nínú ihò àpáta, àádọ́ta-àádọ́ta. Pọ́ọ̀lù pa àgọ́ tà. Olúwa fúnra rẹ̀ tó bí ẹni 30 ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwàásù, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ni àwọn ará ìlú rẹ̀ mọ̀ ọ́n sí.

Ìpè sí iṣẹ́ ìránṣẹ́ wà, mi ò sì ní sọ pé ẹ kò ní i. Ohun tí mo lè sọ ni pé lẹ́tà yín kò mẹ́nu kan ìpè. Ó mẹ́nu kan ìdẹwò tí ẹ fẹ́ sá fún. Irọ́ pípa wà nínú iṣẹ́ ìránṣẹ́ náà. Ìròyìn iye ọkàn tó gba Jésù tí wọ́n bù mọ́ wà níbẹ̀, ìwé owó tí kò dọ́gba wà níbẹ̀, ọ̀gá tó ń fẹ́ kí wọ́n bo nǹkan mọ́lẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí kò tíì kọ́ bí a ti ń sọ pé "rárá, sà" nínú ọ́fíìsì kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ níwájú bíṣọ́ọ̀bù. Igbe tí ẹ ń pa mọ́ àwọn ọmọ yóò sì bá yín débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀ ìwé náà. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní kíkọ ọjọ́ ẹ̀yìn, ó sì dára kí ẹ mọ èyí tí ẹ ń ṣe. Bí a bá ṣe iṣẹ́ kan lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí a kò ráyè kọ ọ́ sílẹ̀ títí di ọjọ́bọ̀, kò sí irọ́ nínú pé kí a kọ pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun la ṣe é, níwọ̀n ìgbà tí a bá tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọjọ́bọ̀ la kọ ìwé náà. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣe iṣẹ́ náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun rárá, tàbí tí ìwé náà ń fẹ́ kí olùyẹ̀wò tàbí oníbàárà gba ohun tí kò ṣẹlẹ̀ gbọ́, irọ́ ni, kò sí orúkọ míì fún un, òfin sì lè mú ẹni tó buwọ́ lù ú. Láti inú lẹ́tà yín, ó jọ pé ti èkejì yìí ni.

Kí wá ni ṣíṣe? Àpẹẹrẹ tí mo máa ń fi lọ àwọn òṣìṣẹ́ ni Dáníẹ́lì orí 1. Ọ̀dọ́ tí wọ́n kó lẹ́rú ni, ó ti pinnu nínú ọkàn rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó dé, ṣùgbọ́n kò gbéra sọ̀rọ̀ sí ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà sọ ẹ̀rù tó ń bà á, pé ọba lè bẹ́ òun lórí, Dáníẹ́lì kò kẹ́gàn ẹ̀rù yẹn. Ó wá ọ̀nà míì tí kò ní kó ẹnikẹ́ni sí wàhálà: ẹ dán wa wò fún ọjọ́ 10. Ọ̀gá yín náà ní ohun tó ń bẹ̀rù. Ó lè jẹ́ ẹni tó wà lórí òun náà ló ń lé e. Arákùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó, tó wà nínú kíláàsì wa, fi gbólóhùn kan ha sórí kó tó dé ọ́fíìsì: "Sà, mi ò lè kọ ọjọ́ yẹn, nítorí kì í ṣe òtítọ́. Ṣùgbọ́n mo lè kọ ọjọ́ òní, kí n fi àlàyé sísàlẹ̀ ìdí tó fi pẹ́, kí n sì dúró parí iṣẹ́ náà lálẹ́ yìí." A jọ sọ ọ́ lásọtúnsọ ní kíláàsì, ẹnì kan ń ṣe bí ọ̀gá, ó ń jágbe mọ́ ọn, títí ohùn rẹ̀ kò fi gbọ̀n mọ́. Ẹ wo bí gbólóhùn náà ṣe rí: ó kọ̀ láti parọ́, kò ta ọ̀gá nù, ó sì gbé ẹrù kan lé ara rẹ̀ lórí. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wàásù fún ọ̀gá yín lọ́jọ́ yẹn. Ẹ ti ń bá a kọ ọ́ látẹ̀yìn wá. Bí ẹ bá fẹ́ sọ ohunkóhun nípa ìgbàgbọ́ yín, ẹ sọ pé ẹ̀yin náà ti ṣe ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe.

N kò lè ṣèlérí fún yín pé yóò yọrí sí rere. Àwọn oníwàásù míì máa ń parí irú ìtàn báyìí sí ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, ó sì máa ń dùn mí, nítorí ẹni tí wọ́n lé kúrò yóò wá rò pé ìgbàgbọ́ òun ni kò tó. Dáníẹ́lì rí ojú rere. Jòhánù sọ òtítọ́ fún Hẹ́rọ́dù, wọ́n sì bẹ́ ẹ lórí. Jésù ní kí a gbé àgbélébùú wa lójoojúmọ́, a sì gbọ́dọ̀ gbà pé lójoojúmọ́ yẹn lè kan owó oṣù. Nítorí náà, ẹ ṣètò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ míì kí ọ̀ràn tó le. Bí ibi iṣẹ́ yín bá tóbi, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè gbé yín lọ sí ẹ̀ka míì. Ẹ bá ìdílé sọ ọ́ kí ìròyìn má bá wọn lójijì. Bí ọ̀gá bá gbà á lẹ́ẹ̀kan tí kò gbà á lẹ́ẹ̀kejì, tó wá hàn gbangba pé irọ́ ni wọ́n fi gbé iṣẹ́ ọ̀hún ró, a jẹ́ pé kí ẹ máa lọ, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ nítorí òtítọ́ lẹ ṣe kúrò níbẹ̀, kí ó má jẹ́ nítorí pé ẹ rò pé ọ́fíìsì kò mọ́ tó láti sin Ọlọ́run. Kólósè 3:23, tó ní kí a máa fi tọkàntọkàn ṣe ohunkóhun tí a bá ń ṣe bí ẹni pé fún Olúwa, àwọn ẹrú ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí níbẹ̀, àwọn tí kò ní agbára láti yan iṣẹ́ rárá.

Ti ilé wá ńkọ́? Níhìn-ín, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí ìmọ̀ràn mi lè yà yín lẹ́nu. Nígbà tí Èlíjà dùbúlẹ̀ sábẹ́ igi, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, angẹli tó wá kò bá a wí, kò sì ní kó gbàdúrà sí i. Ó fọwọ́ kàn án pé kó dìde jẹun. Ó jẹ, ó tún sùn, wọ́n tún jí i kó jẹun lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tó wá. Púpọ̀ nínú igbe tí ẹ ń pa mọ́ àwọn ọmọ yín jẹ́ ti ẹni tí kò sùn tó. Bí ẹ bá ti ọ́fíìsì dé tán, tí ẹ tún jáde lọ sí ìdánrawò akọrin ní alẹ́ kan, ìpàdé àdúrà ní alẹ́ kejì, ìgbà wo ni àwọn ọmọ ń rí yín tí ara yín wà lọ́tun? Ẹ fi ọ̀kan nínú ìpàdé yẹn sílẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún aṣáájú yín láìfi bò. Jésù sọ pé kí ẹni tó mú ọrẹ wá síbi pẹpẹ, tó rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan sí òun, fi ọrẹ náà sílẹ̀ níbẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá a rẹ́ ná. Mi ò rí ìdí tí ọ̀rọ̀ yẹn kò fi ní kan ọmọ tó ń sá sínú yàrá nígbà tó bá gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, ẹ dúró. Ẹ gbé fóònù sínú àpò. Ẹ mí kanlẹ̀, ẹ dárúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan níwájú Olúwa, ẹ pinnu gbólóhùn àkọ́kọ́ tí ẹ ó bá a sọ, kó má jẹ́ ìbéèrè nípa iṣẹ́ ilé tí kò ṣe. Bí ẹ bá tún pariwo, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ tún pariwo, ẹ lọ bẹ ọmọ náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ sọ pé, "Bí mo ṣe bá ọ sọ̀rọ̀ kò dára. Jọ̀wọ́, má bínú." Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù pé ọmọ kò ní bọ̀wọ̀ fún àwọn mọ́. Ohun tí mo rí yàtọ̀ síyẹn: ọmọ tó ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu òbí rẹ̀ ló ń mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Kólósè 3:21 sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí a kò bá ṣe é: ọmọ á rẹ̀wẹ̀sì. Àmọ́ bí ẹ bá ti ń sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ìbínú ọ̀hún kò rọlẹ̀, tí ohun gbogbo sì ń sú yín, ẹ lọ rí dókítà. Àìsàn lè wà nídìí rẹ̀, àdúrà kò sì ka dídé ọ̀dọ̀ dókítà sí àìgbàgbọ́.

Ohun kan kù tí ẹ kò mẹ́nu bà: ẹni tó mọ̀. Ó jọ pé èmi tí ẹ kò rí rí ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1742, ní Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbèsè wà lọ́rùn àwọn ọmọlẹ́yìn John Wesley, oníwàásù tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá, lórí ilé ìpàdé wọn. Ẹnì kan dábàá pé kí oníkálùkù máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ bí èèyàn 12, kí ẹnì kan nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan máa gba owó náà. Nígbà tí àwọn agbowó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé, wọ́n rí i pé àwọn kan kò gbé bó ṣe yẹ kí wọ́n gbé, wọ́n sì wá sọ fún Wesley. Ojú ẹsẹ̀ ló rí i pé ohun tí òun ti ń wá nìyí. Bí ètò gbígba gbèsè ṣe di kíláàsì nìyẹn, níbi tí wọ́n ti ń bi ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ọkàn wọn ṣe wà. Ẹ wá ẹnì kan, tàbí ẹni méjì, obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kò fẹ́lẹ́, tó lè bi yín ní gbogbo ọ̀sẹ̀ pé: kí lo kọ sórí ìwé? Báwo lo ṣe bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀? Kí ẹ̀yin náà máa bi í léèrè tirẹ̀. Jákọ́bù 5:16 ní kí a máa jẹ́wọ́ fún ara wa, kí a sì máa gbàdúrà fún ara wa. Nínú gbogbo ohun tí mo ti dábàá, èyí ni mo gbà pé ó lágbára jù, òun náà sì ni àwọn èèyàn kì í fẹ́ ṣe.

Ẹ bi mí bóyá ọmọ ẹ̀yìn Jésù ni yín. Mi ò lè rí ọkàn yín láti ibi tí mo wà. Mo mọ̀ pé Pétérù sẹ́ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta, àti pé lẹ́yìn àjíǹde, ọ̀rọ̀ tí Jésù tún bá a sọ létí òkun kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: máa tọ̀ mí lẹ́yìn. Títù 2:11 àti 12 sọ pé oore-ọ̀fẹ́ tó mú ìgbàlà wá ń kọ́ wa láti kọ àìwà-bí-Ọlọ́run sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó kùnà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, bí kò bá ti kúrò lọ́dọ̀ olùkọ́.

Àwọn ìwé tí ẹ ti kọ sẹ́yìn ló kù. Sákéù kò kàn sọ pé òun kò ní rẹ́ni jẹ mọ́, ó dá owó padà. Ẹ jókòó, kí ẹ kọ èyí tí ẹ bá rántí sílẹ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ẹnì kan pàdánù owó tàbí ẹ̀tọ́ nítorí rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run àti fún ẹni tí ẹ yàn yẹn, kí ẹ má padà sídìí rẹ̀ mọ́. Bí ó bá wà, ó yẹ kí a tún un ṣe, ṣùgbọ́n mi ò mọ òfin tó de irú iṣẹ́ yín, pásítọ̀ yín náà sì lè máà mọ̀ ọ́n. Ẹ lọ bá agbẹjọ́rò kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni lọ́fíìsì sọ̀rọ̀ nípa àwọn ti àtẹ̀yìnwá, kí ẹ gbé àkọsílẹ̀ náà dání, kí ẹ sì bi í léèrè ọ̀nà tí ẹ lè gbà sọ òtítọ́ láìkó ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sínú rẹ̀.